Orúkọ Ìrísí àti Orúkọ Iṣẹ́: Ìperí fún Ìhun Fáírọ́ọ̀sì Kòrónà

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé lórí ìhun fáírọ́ọ̀sì kòrónà kò ní pẹ́ kan ìbéèrè kan tí ó le ju àìsí ọ̀rọ̀ lọ: ṣé bí nǹkan ti rí ni kí orúkọ rẹ̀ máa sọ ni, àbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe? Ìhun, tí àwọn onímọ̀ gírámà ń lò fún bí gbólóhùn ti so kọ́ra, wúlò níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ìmọ̀ yìí ń wá ni bí àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú ohun abẹ̀mí ti hun mọ́ra, ibi tí ọ̀kan ti wọnú èkejì, àti ohun tí ìhunmọ́ra náà jẹ́ kí wọ́n lè ṣe. Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò dé ọ̀dọ̀ mólékù rárá, ṣùgbọ́n fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ àpólà ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ ṣì ni ọ̀nà tí ó sún mọ́ ẹni tí mólékù bá jẹ lógún jù lọ.

Kòrónà fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìrísí. Ní 1968 ni June Almeida, David Tyrrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dábàá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature, nítorí pé ohun tí ó yọ yí fáírọ́ọ̀sì náà ká nínú àwòrán máíkíróskóòpù jọ ìmọ́lẹ̀ tí ó máa ń yí oòrùn ká nígbà tí òṣùpá bá bò ó lójú. Adé ni ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Látìnì, ṣùgbọ́n oòrùn ni àwọn tí ó sọ fáírọ́ọ̀sì lórúkọ ń wò, kì í ṣe orí ọba, nítorí náà ẹni tí ó bá pè é ní fáírọ́ọ̀sì aládé ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ti sọ àwòrán nù. Kòrónà tí ọjà àti rédíò ti gbà tó. Ti kòkòrò ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan náà ni wọ́n ń pe bakitéríà, tí ó ń jẹun tí ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì, àti fáírọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, tí ó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì náà tó lè máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Níbi tí orúkọ bá ti da àwọn méjì yìí pọ̀, àlàyé ìdí tí oògùn tí ń pa bakitéríà kò fi ran fáírọ́ọ̀sì yóò nira.

Amúaradàgbà tí àwọn ìwé ìlera ń lò fún purotéènì bá ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja mu dáadáa, nítorí pé oúnjẹ ni ó ń sọ. Kò bá èyí tí ó yọ yí kòrónà ká mu, nítorí pé kò mú ara ẹnikẹ́ni dàgbà: okùn ásíìdì àmínò 1,273 ni, tí ó ká wọnú ara rẹ̀, tí mẹ́ta irú rẹ̀ sì so pọ̀ di ọ̀kan. Kí purotéènì máa jẹ́ purotéènì, kí ohun tí mẹ́ta so pọ̀ ṣe sì máa jẹ́ ìsomẹ́ta, nítorí pé ìsomẹ́ta ń bímọ: níbi tí okùn bá ti jẹ́ méjì, ìsoméjì dé láìsí wàhálà.

Ẹ̀gún ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò fún ìsomẹ́ta yìí. Ó bá àwòrán ọdún 1968 mu, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kì í pa ipò dà, ìpààrọ̀ ipò sì ni gbogbo iṣẹ́ ìsomẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Daniel Wrapp, Jason McLellan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi òtútù mú un lójijì débi pé omi tí ó yí i ká kò rí àyè di kírísítálì, wọ́n sì fi máíkíróskóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó títí wọ́n fi rí ìhun rẹ̀ ní ìwọ̀n 3.5 Å, nígbà tí Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀kan nínú orí mẹ́ta tí ó ní, orí kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, nàró, méjì yòókù tẹ̀ wálẹ̀. Orí ìsomọ́ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ̀yà yìí, ojú ìsomọ́ sì ni ibi kékeré lára rẹ̀ tí ó ń fara kan sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ipò òkè lè jẹ́ ìnàró, ipò ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ìlúgọ, nítorí pé nígbà tí orí bá tẹ̀ wálẹ̀, ojú ìsomọ́ a sá pamọ́ fún àwọn èròjà agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀. Òǹkàwé aláròjinlẹ̀ lè sọ pé ẹni tí ó ní èrò ni ó ń lúgọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀, tí àwọn kan lè dábàá, yóò tún mú ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́.

Àfiwé kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, tí ó gbilẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ náà, ni ó ṣini lọ́nà jù. Wọ́n ṣe àgádágodo nítorí kọ́kọ́rọ́ ni, ṣùgbọ́n ACE2 tí kòrónà ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì kò dúró de fáírọ́ọ̀sì kankan: ẹ́ńsáìmù ni, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti gé ángíótẹ́nsìn, èyí tí ó ń kópa nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà orúkọ olùgbà kò tọ́ sí i. Ibùsomọ́, tí wọ́n ṣẹ̀dá bíi ibùsùn àti ibùjókòó, sọ ohun tí ó jẹ́ fún fáírọ́ọ̀sì láìsọ pé torí rẹ̀ ni ó ṣe wà. Ìsomọ́ nìkan kò sì ṣílẹ̀kùn. Ẹ́ńsáìmù fúrìn ti gé ìsomẹ́ta ní ojú ìgé àkọ́kọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti jáde wá, ẹ́ńsáìmù mìíràn, TMPRSS2, a tún gé e ní ojú ìgé kejì lẹ́yìn tí ó bá ti so mọ́ ACE2, ìgbà náà ni apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò tó nà jáde, tí yóò sì fa awọ fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra títí wọn yóò fi dàpọ̀. Ìrísí ṣáájú ìdàpọ̀ ni ara nílò láti mọ̀, ó sì máa ń tètè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi proline méjì rọ́pò ásíìdì àmínò ipò 986 àti 987 láti dè é mọ́lẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna àti ti Pfizer.

Àwọn ẹ̀ka ṣúgà tí ó bo ìsomẹ́ta, ojú 22 lórí okùn kọ̀ọ̀kan, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní asà. Asà ń gba ọfà. Ṣúgà yìí, tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ lára, ń mú kí àjèjì jọ ará ilé. Ẹ̀kú ṣúgà sún mọ́ ọn jù, nítorí pé bí aṣọ eégún ni, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń fi pamọ́. Ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí Rommie Amaro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2020 tilẹ̀ fi hàn pé ṣúgà ojú 165 àti 234 ń ti orí ìsomọ́ lẹ́yìn kí ó lè wà ní ìnàró.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù kẹta 2020, ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jínóòmù kòrónà láti ara ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́tà RNA tí ó sún mọ́ 30,000. Púpọ̀ nínú lẹ́tà wọ̀nyí ń pàṣẹ purotéènì gígùn kan tí kò wúlò títí agépurotéènì, ẹ́ńsáìmù tí fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní, yóò fi gé e sí wẹ́wẹ́. Ìsoméjì ni agépurotéènì náà. Ojú iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí gígé ti ń ṣẹlẹ̀, wà láàárín ásíìdì àmínò méjì, Cys145 àti His41. Irú Cys145 àti 6LU7, nọ́ńbà tí ìhun tí ẹgbẹ́ Zihe Rao fi síta ní 2020 ń jẹ́ káàkiri ayé, kò gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí pé òun ni òǹkàwé yóò fi wá ìhun náà rí. Nirmatrelvir, tí ó wà nínú oògùn Paxlovid, so mọ́ Cys145 yìí, ó sì dí ojú iṣẹ́ pa. Adènà agépurotéènì ni Yorùbá yóò pè é.