Ahá, Omi àti Iyanrìn: Ẹ̀kọ́ Ọmọ tí ó ń Kọ́ Ìrìn ní Etí Ọ̀sà Èkó

Púpọ̀ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ni ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, kì í sì í rí ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn. Babs Fafunwa yàtọ̀: ìwé rẹ̀ ti 1974 ka eré ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní 1977 gbà pé nípa eré ni ọmọdé fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 3 sí 5 tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀dà ti 2013 ka ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn. Kí ó tó di ìgbà náà, àgbàlá ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Ilẹ̀ iyanrìn ni Addo, lẹ́bàá Ajah, bí ti etí ọ̀sà yòókù. Bí ìyá bá ń dáná, a fún ọmọ ní ahá, ọmọrí ìkòkò àti omi díẹ̀. Ọmọ a bù ú, a dà á sórí iyanrìn, a tún bù ú. Ó ń mọ ohun tí ó wúwo yàtọ̀ sí èyí tí ó fúyẹ́, ó ń mọ ìró agolo yàtọ̀ sí ti igbá. Ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo tí a dé pa a di ṣẹ́ẹ́rẹ́, bí àgbà bá ń ṣọ́ ọ, nítorí ẹ̀wà a máa há ọmọ lọ́fun.

Ní 1907, Maria Montessori bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun èlò tí a dìídì ṣe kọ́ ọmọdé ní Róòmù bí a ti ń lo ojú, etí àti ọwọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ibẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní Èkó ti ka ohun tí a rà sí ẹ̀kọ́, ó sì ka ahá sí ìranù. Ahá kò ní àkọsílẹ̀. Lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, sìmẹ́ńtì sì ti ń bo àgbàlá iyanrìn mọ́lẹ̀.