Ìgbà Tí Fíìmù Ọmọdé Ń Wọlé: Láti Àká Disney dé Kútọnu

Lọ́dún 1937 ni ilé iṣẹ́ Walt Disney gbé fíìmù àwòrán yíyà kan jáde, èyí tí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ̀ sí *Blanche-Neige*. Ọdún 1994 ni wọ́n tó tà á lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Kí ló mú un pẹ́ tó ọdún 57?

Ọmọdé kì í pẹ́ dàgbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Láti 1944, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá fíìmù náà padà sí ilé sinimá, ni Disney ti rí i pé bí a bá fi í pamọ́ fún bí ọdún méje, ìran ọmọ mìíràn tí kò wò ó rí yóò ti dé. Bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú èèbù ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Abájọ tí kásẹ́ẹ̀tì fi bà wọ́n lẹ́rù: ohun tó wà nínú ilé, ta ni yóò tún sanwó lọ wò ó níta? Nígbà tí wọ́n dá ọ̀wọ́ kásẹ́ẹ̀tì Classics sílẹ̀ ní ìparí 1984, *Robin Hood* ni wọ́n fi ṣíwájú, kì í ṣe olórí ọrọ̀ wọn. Bí ọjà bá sì ti tà fún ìgbà díẹ̀, wọn a tún kó o kúrò lórí àtẹ.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba ló dá sí i. Àṣẹ ọdún 1983 ní kí ọdún kan kọjá lẹ́yìn tí fíìmù bá dé sinimá kí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó jáde. *Kirikou et la Sorcière* ti 1998 pàápàá, tí Youssou N'Dour ṣe orin rẹ̀, tí wọ́n sì gba ohùn àwọn òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní Dakar, ọjọ́ tó dé sinimá ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Nígbà tí DVD dé ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pín ayé sí agbègbè mẹ́fà, kí disiki Amẹ́ríkà má baà ṣíwájú fíìmù dé ibi tí sinimá kò tíì gbé e jáde. Ilẹ̀ Faransé bọ́ sí agbègbè kejì. Wọ́n ka tiwa mọ́ Íńdíà àti Rọ́ṣíà ní ìkarùn-ún. Disiki tí ẹ̀gbọ́n kan bá rà fún àwọn ọmọ ní Paris, tó sì gbé sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun níhìn-ín, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún agbègbè wa kò ní kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà là ń gbọ́.

Ẹ̀rọ tí kò ka agbègbè sí, àti àdàkọ, ni ọ̀pọ̀ ilé fi rọ́nà gbà. Àwọn onífíìmù pe àdàkọ ní olè. A kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n sinimá wo ni títì yẹn ń ṣọ́ fún àwọn ọmọ Kútọnu?