Bí Oríṣi Dátà fún Àdírẹ́sì Ṣe Yí Padà nínú Ìlànà Ìṣàkóso Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 1988 sí 2013

Ìfáàrà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò ṣòro láti bi: báwo ni a ṣe ń kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí ẹ̀rọ mìíràn má baà ṣì í kà? Ìdáhùn rẹ̀ gba àwọn onímọ̀ ní ọdún méjìlá kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi àdírẹ́sì hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mẹ́rin tí ààmì ìdánudúró pín níyà, a ó sì kọjá lọ. A fẹ́ fi hàn níhìn-ín pé ìpinnu kékeré kan tí wọ́n ṣe ní 1988 nípa nọ́ńbà mẹ́rin náà kò tíì tán lára àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

IpAddress àti ìkejì rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, Marshall Rose àti Keith McCloghrie gbé ìwé RFC 1065 jáde. Ìwé náà ni àkójọ òfin tí a mọ̀ sí SMI, tó sọ bí a ó ṣe máa ṣàpèjúwe ohunkóhun tí ẹ̀rọ alábòójútó bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Nínú oṣù kan náà ni SNMP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń béèrè tí wọ́n sì fi ń dáhùn, jáde nínú RFC 1067. RFC 1155 rọ́pò 1065 ní 1990, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì kò yí padà.

Oríṣi dátà méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdírẹ́sì. Èkíní ni IpAddress: báìtì mẹ́rin, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Èkejì ni NetworkAddress, tí wọ́n ṣe kí ó lè gba àdírẹ́sì láti inú ẹbí ìlànà tó bá wù kó jẹ́. Àmọ́ ẹbí kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, ti Íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí í ṣe IpAddress kan náà. Lójú tiwa, àwọn òǹkọ̀wé yìí ríran jìnnà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ de àlejò; kò sí àlejò tó gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹ̀dà kejì SMI jáde ní 1993 nínú RFC 1442, wọ́n yọ NetworkAddress kúrò, wọ́n sì fi NsapAddress kún un fún àdírẹ́sì OSI. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, RFC 1902 yọ NsapAddress náà dànù. IpAddress nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ ìwé ìlànà àkọ́kọ́ fún IPv6, RFC 1883, ti jáde ní oṣù méjìlá 1995, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó gùn tó báìtì mẹ́rìndínlógún.

Àdírẹ́sì tó di orúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Ẹnikẹ́ni lè rò pé kí a kàn sọ báìtì mẹ́rin di mẹ́rìndínlógún, kí ó sì parí síbẹ̀. Kò ṣeé ṣe, nítorí pé nínú SNMP, àdírẹ́sì kì í ṣe iye tí a kọ sínú àtẹ nìkan. Òun ni orúkọ ìlà tó wà nínú àtẹ náà. Ẹ jẹ́ ká wo MIB-II, RFC 1213 ti ọdún 1991. Àtẹ tcpConnTable inú rẹ̀ ń to gbogbo ìsopọ̀ TCP tó wà lórí ẹ̀rọ kan. Bí ẹ̀rọ 10.0.0.5 bá ń bá 10.0.0.9 sọ̀rọ̀, tí èkíní lo pọ́ọ̀tù 22, tí èkejì lo 40112, orúkọ ìlà yẹn yóò parí sí 10.0.0.5.22.10.0.0.9.40112. Kò sí ààmì kankan tó fi ibi tí àdírẹ́sì ti tán hàn. Ẹ̀rọ tó ń kà á mọ̀ ọ́n nítorí pé mẹ́rin ni, mẹ́rin ni yóò sì máa jẹ́.

Òfin SMI náà tún wà níbẹ̀: nǹkan tí a bá ti tẹ̀ jáde, a kò gbọdọ̀ yí oríṣi dátà rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn, kó ṣe tuntun, kó fún un ní orúkọ tuntun. Òfin tó dára ni, nítorí òun ni kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣìnà. Ṣùgbọ́n òun náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ IPv6 níta.

Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò dé ní oṣù méjìlá 1998. RFC 2465 dá Ipv6Address sílẹ̀, báìtì mẹ́rìndínlógún. RFC 2452 àti 2454 sì ṣe àtẹ tuntun fún TCP àti UDP lórí IPv6. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kan náà yóò ní àtẹ méjì fún iṣẹ́ kan, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye ìsopọ̀ yóò béèrè lẹ́ẹ̀mejì, yóò ro wọ́n pọ̀. Àbọ̀ iṣẹ́ la ka èyí sí. Ní 2017, RFC 8096 kéde pé àwọn ìwé náà ti di ohun àtijọ́.

Ìyàsọ́tọ̀ irú àti iye

Ìdáhùn tó dúró dé ní oṣù kẹfà 2000, nínú RFC 2851 tí Daniele, Haberman, Routhier àti Schoenwaelder kọ. Wọ́n pín àdírẹ́sì sí méjì. InetAddressType jẹ́ nọ́ńbà tó sọ irú àdírẹ́sì: 1 fún IPv4, 2 fún IPv6, 16 fún orúkọ DNS, 0 fún èyí tí a kò mọ̀. InetAddress ni àwọn báìtì fúnra wọn, láti orí òdo títí dé 255. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò dá oríṣi dátà ìpìlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Orúkọ tuntun ni wọ́n fún ohun tí SNMP ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìlànà ìfiránṣẹ́ kò yí padà rárá.

Nínú orúkọ ìlà, 10.0.0.5 wá di 1.4.10.0.0.5: irú rẹ̀, gígùn rẹ̀, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rántí NetworkAddress lè rẹ́rìn-ín níbí, torí pé nọ́ńbà 1 kan náà ni òun náà máa ń fi ṣíwájú IpAddress nínú orúkọ ìlà.

Ìṣòro kù. Àdírẹ́sì IPv6 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80 lè wà lórí wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ráútà kan, kí a má mọ èwo ni èwo. RFC 3291 ti 2002 fi ipv4z àti ipv6z kún un, tí wọ́n ní báìtì mẹ́rin sí i láti sọ agbègbè tí àdírẹ́sì wà. Bákan náà, orúkọ nínú SNMP kò gbọdọ̀ ju apá 128 lọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ DNS lè gùn tó báìtì 255. Ẹni tó bá ń ṣe àtẹ ní láti fi ààlà sí i fúnra rẹ̀. RFC 4001 tún ìwé náà ṣe ní 2005, àtẹ tcpConnectionTable sì rọ́pò tcpConnTable nínú RFC 4022 lọ́dún kan náà.

YANG gba ọ̀nà mìíràn. Nínú RFC 6021 ti 2010, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà ni ip-address, ó sì gba IPv4 tàbí IPv6 láìsí nọ́ńbà irú. Èyí tún bí wàhálà tirẹ̀: 2001:db8::1 àti 2001:0DB8:0:0:0:0:0:1 jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, àmọ́ lẹ́tà wọn kò bára mu. Ìdí nìyí tí RFC 6991 ti 2013 fi ní kí a kọ ọ́ ní ìlànà RFC 5952. Ìwé yìí kan náà ló mú oríṣi tí kò gba agbègbè wọlé.

Nínú kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi MIB-II nìkan kọ́ yóò kọ ètò tó ń ka tcpConnTable. Bí ẹ̀rọ bá ní ìsopọ̀ IPv6, ètò náà yóò ṣiṣẹ́ láìsí àṣìṣe kankan lójú, ìsopọ̀ wọ̀nyẹn kò sì ní hàn. Irú àṣìṣe tí kì í pariwo yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù. Iṣẹ́ tí a máa ń dábàá fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba kọ̀ǹpútà: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ kọ bí 2001:db8::1 yóò ṣe rí nínú orúkọ ìlà ti InetAddress. Ohun tó yẹ kó bọ́ sórí tákàdá ni 2.16.32.1.13.184.0.0.0.0.0.0.0.0.0.0.0.1. Ẹni tó bá gbàgbé 16 tàbí tó ka òdo kù, ẹ ní kó tún un kà.