Fáírọ́ọ̀sì àti Iyè Àwọn Àgbà Ìdíkàn

Ní Kétu àti Ìkòsì, bí ìyá arúgbó bá ṣìnà ilé rẹ̀, kì í pẹ́ tí àwọn kan yóò fi pè é ní àjẹ́. Àrùn ni. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iyè àwọn àgbà wò ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ó kú ní 1995. Èsì 2001 fi hàn pé, lọ́dún kan, Alzheimer mú 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún níbí, 2.52 lọ́hùn-ún.

Ní 1997, Ruth Itzhaki ní Manchester rí i pé fáírọ́ọ̀sì egbò ètè tó bá wọ ọpọlọ léwu jù fún ẹni tó jogún àbùdá APOE4. Fáírọ́ọ̀sì náà gbilẹ̀ ní Áfíríkà, àbùdá náà kò sì ṣọ̀wọ́n lára Yorùbá. Kí ló wá dín àrùn náà kù ní Ìdíkàn?