Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ sí Sùúrùlérè? Ẹ jókòó, kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe di àdúgbò

1/ Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ilé. Ọmọ méjì ló ní, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ó ní kí n bá òun wá àdúgbò àtijọ́ tí òpópónà rẹ̀ tọ́, ibi tí ọmọdé ti lè ṣeré níwájú ilé láìsí pé ọ̀kadà gbá a. Mo ní, "Ṣebí Sùúrùlérè nìyẹn." Màmá àgbà wa tó ti ń tòògbé lórí àga lajú: "Sùúrùlérè? Ibi tí wọ́n kó wa dà sí yẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé mo mọ Èkó ni o. 🧵

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ eku. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ìjọba òyìnbó ní àwọn ilé tó fún pọ̀ mọ́ra ló fà á. Lọ́dún 1928, wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀. LEDB ni gbogbo ayé ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wó ilé tí kò dára, kó la ọ̀nà, kó sì ṣètò àdúgbò tuntun. Yábà wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ bà.

3/ Èyí tó kan ìdílé wa dé lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1951, wọ́n gbé ètò kan jáde láti wó nǹkan bí 70 éékà láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Lọ́dún 1955, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ olú-ìlú tí ojú kò ní tì wọ́n láti fi han àlejò. Páànù tó ti dípẹtà àti gọ́tà tó dí ni wọ́n rí.

4/ Ohun tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ rí yàtọ̀. Agbo ilé ni. Bàbá ní yàrá tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, àǹtí wà ní òdìkejì ojúlé. Bí ìyá bá lọ sọ́jà, ọmọ ò wá ẹni tó máa fún un lóńjẹ tì. Bí arúgbó ò bá jáde láàárọ̀, ẹnì kan á lọ kanlẹ̀kùn. Iwájú ilé yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ fún, òótọ́ sì ni pé ó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ilé baba wọn ni.

5/ Ọ̀pọ̀ onílé fárígá. Ìjọba ní àwọn máa san owó ilẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lè padà wá ra ilẹ̀ tí wọ́n bá tún ṣe tán. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa fi rà á padà ju iye tí wọ́n gbà lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ilé ẹbí tí èèyàn ogún jọ ni, ta ló máa dá owó yẹn?

6/ Bí wọ́n ṣe sọdá omi wá sí Sùúrùlérè nìyẹn. Ká má purọ́, ilé tuntun náà dáa. Ó tò lẹ́sẹẹsẹ, omi ẹ̀rọ wà, atẹ́gùn ń fẹ́, wọ́n tiẹ̀ dín owó ilé kù fún wọn. Bí éjẹ́ǹtì bá fi fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram lónìí, gbogbo wa la máa bi í léèrè iye tó jẹ́.

7/ Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Olùṣèwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó bá àwọn tó kù ní erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tí wọ́n ti kó lọ sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde lọ́dún 1961. Ohun tó rí ni pé ilé dára sí i, ṣùgbọ́n ẹbí fọ́n ká. Àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ẹni tó ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wá àyè láti lọ kí i.

8/ Mo ka èyí fún Màmá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ ni ìyá àwọn ń tà níwájú ilé ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ó ti tán. Ní Sùúrùlérè, ìyá gbé ẹ̀kọ kalẹ̀ títí oòrùn fi ta. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá." Gbólóhùn yẹn nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi wá.

9/ Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ ibẹ̀: sùúrù lérè. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá mọ ara wọn, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ síbẹ̀. Lọ́dún 1972, wọ́n ṣí pápá ìṣeré National Stadium. Ibẹ̀ ni ìdíje All-Africa Games ti wáyé lọ́dún 1973, ibẹ̀ náà la ti na Algeria ní 3-0 lọ́dún 1980 tí a fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àkọ́kọ́. Wizkid jáde láti Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ má sì gbàgbé pé orúkọ Ojúẹlẹ́gbà fúnra rẹ̀ wá láti ojúbọ Ẹlẹ́gbára. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé.

10/ Kí ló dé tí mo fi ń da èyí rú? Nítorí pé kò tíì parí. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba wó Máròkó lódindi. Lónìí, ilé olówó ńlá ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àdúgbò kan "dáa fún ìdílé", ẹ bi wọ́n pé: ìdílé ta ni?

11/ Mo ti yí ohun tí mò ń wò padà. Bí a bá lọ wo ilé báyìí, mo máa ń béèrè:
– Bí òjò bá rọ̀, ṣé omi máa ń wọlé?
– Èló ni owó ọkọ̀ láti ibí dé ibi iṣẹ́, lálọ àti lábọ̀?
– Ta ló ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ìwé wo ló wà lórí rẹ̀?
– Bí gosílóò bá há ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ojú ọ̀nà, ta ló máa mú àwọn ọmọ nílé ìwé?
Ọ̀dà ògiri ló kẹ́yìn.

12/ Ilé méjì ló kù lọ́wọ́ wa, Sùúrùlérè ni méjèèjì wà. Ọ̀kan rẹwà gan-an, táìsì tuntun, gbogbo ẹ̀. Èkejì ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ojúlé kẹta sí i ni ọmọ àbúrò Màmá àgbà ń gbé. A gbé Màmá lọ wo méjèèjì. Níbi tó rẹwà, wọ́n wo òkè wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ta lẹ mọ̀ níbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó èyí tó gbó. A máa kùn ún.

Ẹ̀yin ọmọ Sùúrùlérè tó wà níbí, agbo ilé wo ni wọ́n ti kó àwọn yín wá? Ẹ bi àwọn àgbà yín lónìí, kẹ́ ẹ sì wá sọ fún mi nísàlẹ̀. 👇🏾