Kí Ni Ó Tọ́ sí Ọwọ́ Tí Ó Hun Aṣọ?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ ibí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ ní alẹ́ òní, ìṣirò díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin náà. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, lábẹ́ Arínjalẹ̀, ọba ibẹ̀. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ Ògògà sí orí ìtẹ́ rẹ̀, ó sì gbẹ́ òyìnbó ìjọba kan, Captain Ambrose, tí àwọn aláàárù gbé wọ ìlú.

Ní ọdún 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn alákòóso British Museum rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò gbà láti tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum títí di òní.

Ẹnikẹ́ni lè jiyàn pé ilẹ̀kùn náà níye lórí ju ìtẹ́ lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: wọ́n bi ẹni tí ó ni ọjà léèrè, òun ni ó sì sọ ohun tí yóò gbà. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe sí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa? Ní ìgbà kan náà tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́gi fún àwọn ọba, àwọn obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé, tí wọ́n ń hun aṣọ. Ta ni ó bi wọ́n léèrè iye tí iṣẹ́ wọn tó? Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ni mo bá wá.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá gbọ́ òfì, èyí tí a ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀, tí ahunṣọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ni yóò wá sí ọkàn yín. Òfì ọkùnrin ni ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Aṣọ tí ń ti ibẹ̀ jáde tẹ́ẹ́rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ó sì rán púpọ̀ rẹ̀ pọ̀ kí ó tó di ìró. Ti obìnrin yàtọ̀. Òfì tiwọn dúró lóòró, ó fara ti ògiri. Òwú a na láti igi òkè dé igi ìsàlẹ̀. Obìnrin a jókòó níwájú rẹ̀, a fi ọwọ́ ti òwú kọjá láàárín, a sì fi pákó pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀. Aṣọ tí ó fẹ̀ ni ó ń hun. Kíjìpá ni a ń pè é: ó nípọn, kì í tètè gbó, ó dára fún oko, ó dára fún òtútù, ó sì dára láti fi pọnmọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, kọ nípa ọ̀nà ìhunṣọ méjèèjì yìí. Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni obìnrin ti ń hun bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Ọ̀wọ̀, ní Àkókò, ní Bùnú, àti láàárín àwọn Ebira ní Òkene.

Ìyá ìyá mi hun kíjìpá. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohùn pákó rẹ̀ ni ó máa ń jí mi. Nígbà èwe rẹ̀, oko ni òwú ti ń wá. Wọ́n á ká a, wọ́n á yọ kóró inú rẹ̀, àwọn ìyá àgbà á ran án, a ó sì fi ewé ẹ̀lú pa á láró. Owó tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, tirẹ̀ ni. Òun ni ó fi ń ra iyọ̀, òun ni ó fi ń dá àjọ, òun ni ó sì fi san nínú owó ìwé ìyá mi. Ìwà kan wà tí màmá náà ní tí n kò lè gbàgbé. Bí oníbàárà bá dé, tí ó wà ní ìnàró tí ó ń bèèrè pé, "Èló ni?", kò ní í dá a lóhùn. Yóò kàn ní, "Ẹ jókòó ná." Oníbàárà á jókòó, á máa wò ó bí ó ti ń hun aṣọ. Ó di ẹ̀yìn ìgbà díẹ̀ kí ó tó dárúkọ owó. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá ti rí iṣẹ́ kò ní lè fi ẹnu gé e kúrú.

Kí wá ni ó mú òfì wọ̀nyí dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé? Ohun púpọ̀ ni. Aṣọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń gba Èkó wọlé tipẹ́, owó pọ́ọ́kú ni. Òwú ẹ̀rọ tẹ̀ lé e, a kò sì ran òwú mọ́. Kòkó dé, gbogbo ọwọ́ sì yí sí oko kòkó. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ìbá jókòó ti ìyá wọn ní ìdí òfì gba ilé-ìwé lọ. Olùkọ́ ni mí, n kò kábàámọ̀ ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ohun tí a kò bá fi kọ́ ọmọ, ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò kú. Láti bí ọdún 1980 síwájú, nígbà tí aṣọ òkè di ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ wọ̀ lọ sí ibi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, àwọn obìnrin Èkìtì tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ṣe ohun tí àwọn ìyá wọn kò ṣe. Wọ́n jókòó sí òfì ọkùnrin, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ti ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ obìnrin.

Ibí yìí ni ìṣirò wà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá. Ká ní ahunṣọ kan ra òwú ₦9,000. Ó fi ọjọ́ 6 hun ún. Alágbàtà dé, ó fún un ní ₦12,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 6: ₦500 ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Bí alágbàtà náà bá gbé aṣọ dé ìlú ńlá, tí ó tà á ní ₦24,000, òun jèrè ₦12,000 láàárín ọjọ́ kan. N kò sọ pé kí alágbàtà má jèrè. Òun ni ó san owó ọkọ̀, òun ni ó sì wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n ṣé ó tọ́ kí ọjọ́ kan rẹ̀ ju ọjọ́ 6 ẹni tí ó hun ún lọ ní ìlọ́po mẹ́rin? Bí ó bá sì jẹ́ pé alágbàtà kan náà ni ó yá obìnrin yẹn ní owó òwú, kò lè sọ pé òun kò tà fún un. Gbèsè ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1946, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Edna Ruth Byler, rí àwọn obìnrin ní Puerto Rico tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí aṣọ, tí owó kò sì dé ọwọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà wọn, ó ń tà á fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Irú ìgbìyànjú báyìí ni ó bí òwò tí kò ní ìrẹ́jẹ, tí ó ti tàn ká ayé báyìí. Lára òfin òwò náà ni pé oníṣẹ́ ọwọ́ lè bèèrè ìdajì owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láìsan èlé. Ẹ rí i pé gbèsè òwú ni òfin yìí ń wò sàn.

Ní ọdún 1996, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àwọn ahunṣọ kan kó ara wọn jọ ní Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè gíga tí wọ́n ń pè ní Andes. Nilda Callañaupa Alvarez, obìnrin ará Chinchero tí òun náà jẹ́ ahunṣọ, ni ó ṣáájú wọn. Òfì tí a ń so mọ́ ìbàdí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń lò. Àwọn àlejò ń wọ́ lọ sí àgbègbè wọn láti wo àwókù àwọn ìlú àtijọ́, ṣùgbọ́n ọjà pọ́ọ́kú ni púpọ̀ nínú wọn ń rà lọ. Ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan sí ìlú Cusco, níbi tí àlejò ti lè wo ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó ra aṣọ. Àwọn ọmọdé náà ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi ni mo rántí: "Ẹ jókòó ná."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní Peru náà, erékùṣù kan wà tí ń jẹ́ Taquile. Aṣọ wọn gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kéde rẹ̀ ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará erékùṣù náà ni ó ni ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé àlejò, àwọn ni wọ́n sì ń gbà wọ́n sílé. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú ńlá gba ọkọ̀ àti àlejò mọ́ wọn lọ́wọ́. Àlejò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èrè ń bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní ilé níhìn-ín, ẹ wo Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí ààlà Èkìtì. Ní ọdún 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì tún padà sí Ògìdì, ó ṣí ibi iṣẹ́ fún àwọn obìnrin ahunṣọ.

Kí ni àwa ará ìhà gúúsù Èkìtì lè ṣe? Àlejò ń wá gun Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn kan ń wá sí Ìsẹ̀ nítorí Ọlọ́wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn dé ìdí òfì. Kí àlejò tọrọ àyè kí ó tó ya àwòrán. Kí àwọn ahunṣọ wa fi owó àjọ ra òwú pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fi gbèsè dè wọ́n. Àwa tí a ń dá aṣọ ẹbí, kí a san ìdajì sílẹ̀, kí a má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tí ayẹyẹ kù sí dẹ̀dẹ̀ kí a tó máa pariwo lé wọn lórí.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fà lé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Ọlọ́wẹ̀ ti kú láti bí ọdún 1938. Ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan sì gbà á sílẹ̀. Ẹnu obìnrin wà lára ohun tí ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó gbẹ́ igi náà. Ta ni yóò pa orúkọ obìnrin tí ó hun aṣọ mọ́? Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣí àpótí ìyá yín àgbà. Bí ẹ bá rí kíjìpá nínú rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ó hun ún, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹni náà bá sì wà láàyè, ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jókòó.

Ó dàárọ̀ o.