Ọ̀mùtí Padà Sílé: Eré Ògúnmọ́lá ní Ìbàdàn, 1963

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ti ń ka ìtàn ohun tí ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní oṣù kẹrin ọdún 1963.

Ní 1952 ni ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òyìnbó yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa fajú ro. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé ó ń dójú tì wá. Wọ́n gbàgbé pé Yorùbá ni ọkùnrin náà fi ro ìtàn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ aṣọ àyálò lásán.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, kò gbàgbé. Olùkọ́ ni kí ó tó di eléré, ó sì ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú fún ọdún púpọ̀. Owó ìrànwọ́ Rockefeller ni ó gbé e dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà. Ìwé Tutùọlá ni ó dáwọ́ lé níbẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti le tó! Nínú ìwé, ọ̀pẹ 560,000 ni ó wà nínú oko ọ̀mùtí náà. Adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ sì wá a lọ sí Ìlú Òkú. Arẹwà ọkùnrin kan sì ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ta ni yóò gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ ka orí ìtàgé?

Ògúnmọ́lá sọ ìrìnàjò náà di àlá, nítorí kò sí ohun tí àlá kò lè gbà. Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Orin, ìlù àti ijó sì ṣe ìyókù. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni ọ̀mùtí. Nínú ìwé, ọkùnrin yìí kò ní orúkọ àbísọ. Orí ìtàgé ni ó ti di Lánkẹ́, bí ìgbà tí a bá kó ọmọ jáde.

Àwọn kan a máa sọ pé yunifásítì ni ó sọ Ògúnmọ́lá di ènìyàn ńlá. Èmi kò gbà á tán. Òótọ́ ni pé ó rí àkókò, owó àti gbọ̀ngán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún wa ju èyí tí ó gbà lọ: ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi gírámà wọ̀n, òun fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, ìtàn náà sì là.

Ní 1969, eré náà dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ògúnmọ́lá papòdà ní 1973. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọmọ ilé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè èdè tí ó fi ń lálàá. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.